Ibi Tí Sùúrù Ẹ̀rọ Dé

Bí òjò bá ṣú ní Bódìjà, tí yàrá ẹ̀rọ wa ń kùn bí oyin, ọwọ́ ọ̀gá mi obìnrin ni mo máa ń rí. Wọn a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ̀ǹpútà ńlá kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wò ó bóyá orí ọmọ gbóná.

Kọ̀ǹpútà a máa ṣe àṣìṣe kéékèèké, a sì máa tún un ṣe fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iye àṣìṣe kan wà tó gbọ́dọ̀ pé kí kọ̀ǹpútà tó figbe ta, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ wa kò tó, ni iye náà fara pamọ́ sí. Ọ̀gá mi ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó gbé iye náà síta, tí gbogbo wa fi lè rí i, tí a sì lè dín in kù, kí ẹ̀rọ lè tètè ké kó tó bàjẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kó tó ké," ni wọ́n máa ń wí.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ẹ tún di àyà mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń tojú oorun bọ̀. "Díẹ̀ ni. Á lọ."

Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn. Bí ọ̀kan bá ké, à ń tètè tọ́jú rẹ̀, kò sì sí èyí tó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀gá mi nìkan ló kú mọ́ wa lọ́wọ́, lọ́sàn-án gangan, láìké.