Àtẹ́wọ́ Lẹ́yìn Lèmọ́mù

Ní ọdún 2016, bí ẹnikẹ́ni ní Thamesmead bá bi Kàfí pé báwo ni Bàbá Anisah, èsì kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu: "Àlàáfíà ni o, a dúpẹ́." Yóò rẹ́rìn-ín sí i, yóò sì sáré darí ọ̀rọ̀ sórí òtútù tàbí sórí ọmọ ẹni tó ń bi í. Adìẹ ń làágùn ni, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni òun àti Hámzàt ọkọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni Hámzàt fi wa bọ́ọ̀sì ní London, èyí tó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni 472 tó ń ti Thamesmead lọ sí Woolwich. Kò sí kọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀. Awakọ̀ tó máa ń dúró de arúgbó tó ń sáré bọ̀ ni, tó sì máa ń fi ojú bá àwọn ọmọ ilé ìwé wí láti inú díńgí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó fẹ̀yìn tì. Kàfí ní tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Woolwich Common, láàárín àwọn tí iyè wọn ti ra.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ Kàfí níbẹ̀ ni kó máa rán orúkọ mọ́ aṣọ wọn. Á rán an mọ́ ọrùn ẹ̀wù, á rán an mọ́ ìdí ṣòkòtò, á rán an mọ́ ìbọ̀sẹ̀ pàápàá, kí ẹni tó bá rìn gbéregbère jáde lè rí ẹni dá a padà. Patricia, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ ọ̀gá wọn, sì ti kọ́ gbogbo wọn ní ohun kan: bí arúgbó kan bá sọnù, kí wọ́n tó béèrè aṣọ tó wọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kan ni wọ́n ti rí bàbá oníbúrẹ́dì kan lọ́jọ́ kan, tó ń bínú pé wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Patricia ní ẹsẹ̀ ṣì ń rántí ohun tí orí ti gbàgbé.

Kàfí mọ gbogbo èyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń bí ènìyàn nínú.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, Hámzàt pè é lórí fóònù láti iwájú ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kàfí, bọ́ọ̀sì wo ni mo máa wọ̀ wálé?" Kàfí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló kan ìrun. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni Hámzàt ti ń ṣe lèmọ́mù nínú ilé. Òun á dúró níwájú, Kàfí á dúró lẹ́yìn. Bí lèmọ́mù bá ṣì í, ọkùnrin tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ lè fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ni obìnrin máa ń pa, ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Láàárín ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Kàfí kò pa á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Nínú Ààwẹ̀ ọdún yẹn, ó pa á lójoojúmọ́. Àìlà, ìrun ọ̀sán tó jẹ́ ráká mẹ́rin, Hámzàt á fẹ́ kí i ní mẹ́fà. Tó bá gbọ́ àtẹ́wọ́, á jókòó jẹ́ẹ́, á sálámà parí ìrun, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò sì ní sọ ọ́. Láti inú Ààwẹ̀ náà ló tún ti kọ̀ kí Kàfí máa bá òun fọ fìlà funfun tó ń dé. "Fi sílẹ̀, màá fọ̀ ọ́ fúnra mi." Kàfí ka ìyẹn náà mọ́ àìsàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láti rán orúkọ mọ́ kóòtù ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtìjú gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ẹgbẹ́ Àsáláátù ń kúnlẹ̀ kí, ṣé ara aṣọ rẹ̀ ni òun máa rán orúkọ sí bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Kò sọ fún dókítà. Kò sọ fún Anisah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ní òun ń bo ọkọ òun láṣìírí.

Anisah tí kò mọ nǹkan kan ló lọ ra ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi fún wọn ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni, láti Southampton lọ sí etíkun Sípéènì, Faransé àti Ítálì, kí wọ́n sì padà.

"Mummy, just go," ni Anisah wí. "Ìwọ àti Daddy ti work too much. Ẹ lọ relax jàre."

Ẹ̀rù ba Kàfí. Ṣùgbọ́n tó bá kọ̀, ọmọ yẹn máa béèrè ìdí. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di gàrí àti ata gígún sínú báàgì.

Ìjà ni wọ́n fi wọkọ̀. Ní Southampton, ẹ̀ṣọ́ ní kí Hámzàt ṣí fìlà kó gba inú ẹ̀rọ kọjá, Hámzàt fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan án. Kàfí bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn tó tó ẹgbẹ̀rún ló jọra wọn, nítorí náà Kàfí so síkáàfù pupa mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tiwọn. Níbi tí àwọn òyìnbó ti ń na ara gbalaja sínú oòrùn, tí wọ́n ń mu tíì, òun ń ṣọ́ fìlà funfun kan láàárín èrò. Tí Hámzàt bá dìde, á dìde. Tó bá wọ ilé ìwẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní Málaga, apá rẹ̀ ló dì mú láti àárọ̀ títí wọ́n fi padà. Obìnrin òyìnbó kan rẹ́rìn-ín sí wọn pé wọ́n mà ṣì fẹ́ràn ara wọn o. Kàfí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni di okùn àgbò Iléyá mú ló ṣe dì í mú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dé Cagliari, ìlú kan ní erékùṣù kan tó jẹ́ ti Ítálì, níbi tí ìgboro ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ omi. Wọ́n ní kí gbogbo èrò padà wọkọ̀ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, torí márùn-ún ni ọkọ̀ máa ṣí. Ara Hámzàt yá gágá lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣàlàyé fún Kàfí bí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ṣe ń kó sọ́nà bí ẹni tó ń wá ikú. Ìdùnnú wọ Kàfí lára, ìyẹn ló sì jẹ́ kó túra sílẹ̀.

Ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n. Ó mú ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi ní gbàgede kan.

"Bàbá Anisah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbí. Mò ń lọ toilet ní café yẹn. Five minutes."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" ni Hámzàt wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Kàfí lò. Nígbà tó jáde, ẹyẹlé méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì.

Agogo méjì ààbọ̀ ni. Fóònù Hámzàt wà nínú yàrá wọn lórí ọkọ̀, ó ń gba iná. Kò sí orúkọ lára aṣọ rẹ̀. Kàfí wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, ó pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí pé ìtìjú ṣì ń ṣe é láti pariwo. Ó rí ọlọ́pàá kan, ó sì ṣàlàyé fún un pé òun ń wá ọkọ òun, ọkùnrin gíga, kóòtù dúdú, fìlà funfun.

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?" ni ọlọ́pàá náà bi í ní gẹ̀ẹ́sì tó ń ta kókó.

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni kan ò mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìlú náà. Kò sí ará Thamesmead kankan níbẹ̀, kò sí Àsáláátù. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ dáhùn fúnra rẹ̀, bí ó ti ṣe ń dáhùn láti oṣù kẹta. "Rárá o. Ara ẹ̀ le. Kò ṣe nǹkan kan."

Ọlọ́pàá gbé èjìká sókè. Àgbàlagbà ni, ó lọ wo ìlú ni. Á padà sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Kàfí sá wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gun òkè lọ gba àárín àwọn ilé àtijọ́ títí ó fi ń mí hẹlẹ, ó yọjú sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó sáré dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wo ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní Hámzàt kò tíì wọlé. Níbẹ̀ ló ti rí omi tó wà láàárín ọkọ̀ àti èbúté. Ó dúdú, ó ń fì, àyè tó wà níbẹ̀ sì tó ènìyàn wọ̀. Ó wò ó títí bóyá ohun funfun kan á léfòó. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ fọn fèrè, Kàfí sì figbe ta. Agogo mẹ́rin ti lù.

Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e padà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá náà. Ó di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Irọ́ ni mo pa fún yín," ló wí. "Iyè ọkọ mi ti ń ra. Ó ti tó oṣù méje. Kò mọ ọ̀nà mọ́. Mo mọ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ tí òbí wọn sọnù, tó máa ń pe ilé ìtọ́jú náà lórí fóònù ni, àwọn tó ń sunkún kí wọ́n tó lè dárúkọ ìyá wọn. Bí wọ́n bá sì ti sọ tiwọn tán, ohun kan náà ni òun Kàfí máa ń bi wọ́n, bí Patricia ṣe kọ́ ọ. Iṣẹ́ wo ni ìyá yín fi ayé wọn ṣe?

"Bọ́ọ̀sì," ló wí sókè. "Níbo ni àwọn bọ́ọ̀sì máa ń dúró sí níbí?"

Ọlọ́pàá na ìka sí òdìkejì gbàgede náà.

Ibẹ̀ ló wà. Kò ju ìgbésẹ̀ igba lọ sí bẹ́ǹṣì wọn. Ó jókòó lábẹ́ òrùlé kékeré níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń mu sìgá, ó di bọ́tìnnì kóòtù dé ọrùn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń wọlé.

"Bàbá Anisah!"

Hámzàt wò ó. Ó wò ó tàánútàánú, bí ó ti máa ń wo èrò tó pẹ́ dé. "Madam, ẹ má bínú, I'm not in service," ló wí. "Relief tó máa gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi ni mò ń dúró dè."

Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń ba Kàfí láti méjì ààbọ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó dárúkọ Anisah. Ó dárúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Hámzàt ń mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ ti padà sára bọ́ọ̀sì. Fèrè ọkọ̀ ojú omi tún dún. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbéra fúnra rẹ̀, ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Hámzàt gbórí sókè. Ó wo ilẹ̀ iwájú rẹ̀ bí ẹni ń wá ẹní ìkírun.

"Ráká mélòó ni mo ti kí?" ló béèrè.

"Ó ti pé," ni Kàfí wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pé, Bàbá Anisah. Ẹ sálámà, ká máa lọ."

Ọlọ́pàá náà bá wọn sáré dé èbúté. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù tí wọ́n máa fa àtẹ̀gùn sókè. Lọ́tẹ̀ yìí Hámzàt kò bá ẹ̀ṣọ́ jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fìlà, ó gba ẹ̀rọ kọjá, wọ́n sì gbé fìlà náà lé Kàfí lọ́wọ́. Ohun kan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Kàfí yí i sódì. Ọ̀rá kékeré kan ni, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an mọ́ ọn, ìránkúràán ọkùnrin. Pépà wà nínú rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà bí èyí tó máa ń wà níwájú bọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì ni, ohun tó sì wí rèé: Hámzàt ni mí. Thamesmead ni mò ń gbé. Mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ pe Kàfí ìyàwó mi. Nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìlà kan sì kù nísàlẹ̀: Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀, ẹ̀rù á bà á.

Inú yàrá wọn ni Kàfí ti bi í. "Ìgbà wo lẹ kọ eléyìí?"

"Nínú Ààwẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi show àwọn driver yẹn?"

Hámzàt ronú sí i. "Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà Kàfí gbé ojú lé èjìká rẹ̀, ó sunkún títí aṣọ fi tutù. Kí ọkàn rẹ̀ má bàa yí padà, ó mú fóònù nígbà tí ìlú ṣì ń hàn lẹ́yìn wọn. "Anisah, jókòó," ló wí. "Ara Daddy ẹ ò yá. Ó ti pẹ́. Èmi ni mi ò sọ."

Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún Màgàríbì. Hámzàt dúró níwájú, ó bojú wẹ̀yìn.

"Sún mọ́ mi díẹ̀ sí i," ló wí. "Ibi tó o máa ń dúró yẹn ti jìnnà. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Kàfí sún mọ́ ọn títí aṣọ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ráká mẹ́ta ni Màgàríbì. Ó kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Hámzàt tún gbéra ńlẹ̀ fún ẹ̀kẹrin. Kàfí pàtẹ́wọ́. Hámzàt ṣì ń dìde. Ẹ̀rù ba Kàfí. Ó tún un pa, kíkankíkan.

Hámzàt jókòó.