Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Dókítà

Títí dòní, tí mo bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ohùn dókítà ìdílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń gbọ́: "Ara ti le, jàre."

Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Òun ló gbẹ̀bí èmi àti àbúrò mi. Òun náà ni ọ̀gá sọ́míìlì tó wà lọ́nà Ìmúṣin máa ń rán òṣìṣẹ́ tó bá farapa sí, kó lè kọ̀wé bóyá ẹni náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Yóò kàn jókòó, yóò máa wo ẹnu ọ̀nà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ti mú bírò nìyẹn.

"Ẹ̀yìn tó dọ̀bálẹ̀ yìí, kí ni kò ní jẹ́ kó gbé pákó?"

Nígbà tí ìtì igi yí lu àbúrò mi lẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ ní sọ́míìlì náà, tí ọ̀gá sì rán an sí dókítà, mo kìlọ̀ fún un: "Má dọ̀bálẹ̀ o. Orí ìdúró ni kó o ti kí wọn."

Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé tọ dókítà, ojú ti màmá wa tó bá wa lọ. "Ẹni tó gbẹ̀bí ẹ lò ń kí lórí ìdúró?"

Àbúrò mi di etí tábìlì mú, ó sì rọra dọ̀bálẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Èmi àti màmá ń fà á lápá, òógùn bò ó, dókítà sì ti ń kọ̀wé.

"Ara ti le, jàre." Ó rẹ́rìn-ín sí màmá wa. "Ẹ mà kọ́ ọmọ yìí dáadáa o, Màmá."

Màmá wa fi apá àbúrò mi sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́.