Yàrá Tí Bàbá Mi Gbà fún Mi ní Kẹ́mta

Ìwé tó ti ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta wá sọ pé wọ́n ti gbà mí láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti kún. Wọ́n ní kí n wá yàrá sí ìtòsí, lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é fọkàn tán. Ogun àgbáyé kejì ti parí bí ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, n kò sì tí ì sùn ní Abẹ́òkúta ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Bàbá mi ló mú mi lọ. Àgbẹ̀ onírẹsì ni ní Ọ̀fàdà, ó sì wà lára àwọn àgbà ìjọ wa. Kí a tó wọ mọ́tò, ìyá mi ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ ẹ́ fún: kó jẹ́ ilé onígbàgbọ́. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ilé onígbàgbọ́ mẹ́ta la yà lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ni àkọ́kọ́. Ó fún wa lómi, ó bi mí ní ìbéèrè bíi mélòó kan nínú katikísímù, mo sì dáhùn. Nígbà tó gbọ́ pé n óò máa ṣiṣẹ́ òru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní òun kò lè gba ọmọbìnrin tí yóò máa ti ìta wọlé láàárọ̀. Bàbá mi ṣàlàyé pé àwọn aláìsàn ni n óò máa tọ́jú. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ àwọn aládùúgbò kò mọ̀. Ní ilé kejì, ìyáálé ilé ní ẹni tó ń fọwọ́ kan òkú kò gbọdọ̀ bu omi nínú ìkòkò tí àwọn ọmọ òun ń bu. Ní ilé kẹta, yàrá wà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ọkùnrin ni wọ́n ń fẹ́.

N kò rántí pé inú mi bàjẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ń wò. Bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó sì ti ń fún un débi pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Nígbà tí a dé Kẹ́mta, ó jókòó sórí pèpéle ilé kan láti bọ́ ọ. Ìyá àgbà kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú jáde sí wa, ó ní ẹ kú ìrìn, ó bi wá níbi tí a ti ń bọ̀. Bàbá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti ìkòkò omi pàápàá.

Ìyá náà ní òun ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Ó wò mí díẹ̀, ó wá bi bàbá mi pé, “Ṣé ó máa ń bínú?”

Bàbá mi ronú kó tó dáhùn. “Tó bá ń bínú, ńṣe ló máa ń dákẹ́.”

“Ìyẹn dáa. Ilé yìí ò gba aláriwo.”

Ìgbà tí a dé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi rí búùtà àti awọ àgbò tí wọ́n fi ń kírun. Ó dúró. Ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o. Ìyá náà ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tó ti pe orúkọ mi, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní dí mi lọ́nà lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì gba yàrá náà.

A wọ mọ́tò padà sí Ọ̀fàdà. Nígbà tí ìyá mi béèrè irú ilé tó jẹ́, ó ní, “Ilé àwọn tí kì í fi àdúrà ṣeré ni.” Ìrẹsì ni mò ń ṣà lọ́wọ́, n kò gbójú sókè.

Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni ìyá mi wá wò mí, ó gbé ìrẹsì wá. Àsìkò ààwẹ̀ ni. Ó bá onílé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá lójúde. Nígbà tí a wọ yàrá, ó bi mí bóyá bàbá mi mọ̀ kó tó gbà á. Mo ní ó mọ̀. Mo sọ ti ilé mẹ́ta yẹn fún un.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kírun tán, ó wá kí i. Ìyá mi bi í bóyá mo máa ń jí gbàdúrà.

“Àwa la ń jí i nígbà tí a bá fẹ́ jẹ sààrì,” ni ìyá náà wí. “Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé oorun rẹ̀ wúwo.”

Ìyá mi ní òótọ́ ni, láti kékeré ni. Àwọn méjèèjì wá ń sọ̀rọ̀ oorun mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ìyá mi wọn ìrẹsì náà sí méjì, ó fún onílé ní ìdajì. Bàbá mi sọ fún mi lọ́jọ́ mìíràn pé ìyá mi kò bá òun sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nígbà tó padà délé.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, títí àyè fi ṣí ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó ọmọ onílé bá mi gbé àpótí mi dé ojú ọ̀nà. Mo gbọ́ pé télọ̀ kan ló gba yàrá náà lẹ́yìn mi.