Mummy gbé ọmọ mi sóòrùn

Ìyá tó bí mi ló dalẹ̀ mi lónìí.

Látìgbà tí mo ti bímọ ni kókó líle ti wà lẹ́yìn ọmọ mi, calcium sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún èmi àti Mummy pé ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn rárá, torí oòrùn máa ń mú kí calcium náà pọ̀ sí i.

Èsì àyẹ̀wò tí mo lọ gbà lónìí fi hàn pé calcium náà tún ti lọ sókè. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà ní Kétu tí ọ̀rẹ́ mi fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí status Mummy: ọmọ mi, pámpáàsì nìkan, nínú oòrùn àárọ̀.

Mo pè wọ́n lórí fóònù: "Mummy, kí lẹ ṣe yìí?"

"Oòrùn yẹn náà ni mo máa ń gbé ẹ sí. Ṣé ó pa ẹ́ ni?"

Wọ́n ti yọ mí kúrò lára àwọn tó lè rí status wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe!

Ẹ̀yin ìyá, Mọ́ńdè ni mò ń padà síbi iṣẹ́. Ta ni kí n gbé ọmọ mi fún?