Ẹkún Egbére ní Amoutivé

Bí ọmọdé bá ń sunkún tí omi kò sí lójú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ni mo máa ń rántí. Wọ́n á ní, "Ẹ wo abíyá rẹ̀, ó lè ká ẹní mọ́bẹ̀ bí egbére!"

Ní àsìkò tí ìyanṣẹ́lódì ti gbogbo ọjà Lomé pa, Màmá Àgbà gbé fídíò Nàìjíríà kan sí fún wa ní àgbàlá wọn ní àdúgbò Amoutivé. Nígbà tí egbére yọjú nínú rẹ̀, Màmá Àgbà ní kò mọ ẹkún sun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rara sunkún láti kọ́ ọ. Bí sójà méjì ṣe já wọlé nìyẹn. Àyà wa já, nítorí ìpéjọ lásán lè gbé ènìyàn dé àtìmọ́lé nígbà náà.

"Ta ló kú?" ni ọ̀kan nínú wọn fi Faransé béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi," ni Màmá Àgbà dáhùn. "Egbére ni. Ẹni tó bá já ẹní gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á di olówó."

Sójà náà gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó. "Màmá, ibo la ti lè rí i báyìí?"

"Inú igbó ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe sùúrù, òun náà ti yanṣẹ́ lódì."

Sójà kejì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò sì lọ títí fíìmù náà fi parí.