Àwọn Òṣìṣẹ́ Ara Ògiri Pọ́ńdù

Ẹ̀gbọ́n mi, Sàlímọ́nù, kì í ṣe aláriwo. Èmi ni mo ní ẹnu nílé wa. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi pẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò wọ ọkọ̀ mọ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹja sísìn ní Ìkòròdú fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ pọ́ńdù kan sẹ́yìn ilé, ó kó ẹja àrọ̀ sí i.

Láti ìgbà yẹn ni ìjà èmi àti ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ara mi kì í gba ìdọ̀tí. Tí mo bá dé ilé rẹ, tí mo rí ìkòkò tí kò mọ́, màá fọ̀ ọ́ kí n tó kí ọ. Omi pọ́ńdù ẹ̀gbọ́n mi sì dúdú bí ewé, ògiri rẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ pọ́ńdù yìí."

"Má fọwọ́ kàn án, Sèlíátù. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń bẹ lára ògiri yẹn."

Wọ́n ti kọ́ ọ ní Ìkòròdú pé èròjà kan wà tó ń jẹ́ náítírójìn, pé ó wà nínú atẹ́gùn, ó sì wà nínú oúnjẹ ẹja. Bí ẹja bá jẹun tán, ohun tó bá jáde lára rẹ̀ á di amóníà, májèlé ni fún ẹja náà fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń gbé nínú nǹkan tó ń yọ̀ lára ògiri yẹn, ni wọ́n ń sọ májèlé náà di ajílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á wá bu omi ọ̀hún sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ẹ̀fọ́ á jẹ ajílẹ̀, ewé tó bá jábọ́ á jẹrà padà sílẹ̀. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣòfò níbí," ló máa ń wí, tí inú rẹ̀ á máa dùn. Èmi ò jẹ ẹ̀fọ́ yẹn rí. Mo ní ẹ̀fọ́ tó mu ìgbẹ́ ẹja ò ní wọ ẹnu mi.

Nígbà tí àìsàn dá a wó, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Sèlíátù, bá mi tọ́jú àwọn ẹja yẹn. Ìwọ lo ò mọ ọ̀lẹ ṣe." Mo ní mo gbọ́. Ọjọ́ kejì la sin ín.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀. Àwọn àáfà ń bọ̀, ẹbí wa láti Èkó ń bọ̀, ẹ̀yìn ilé yẹn náà la ó sì to àga wọn sí. Munawwarah, ìyàwó rẹ̀, ń ṣe opó nínú yàrá, kò gbọdọ̀ jáde. Èmi ni mo di olórí ẹ̀yìn ilé. Mo wo pọ́ńdù náà, ojú tì mí. Mo rò ó pé wọ́n á ní ọ̀bùn ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe obìnrin ilé mẹ́ta, a kó ẹja sínú dúrọ́ọ̀mù, a gbọ́n omi dànù, a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. A ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a pọn omi kànga tuntun sí i, a sì dá àwọn ẹja padà sínú rẹ̀.

Munawwarah gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lójú fèrèsé. "Àǹtí, kí lẹ ń fọ̀?"

"Ilé la ń tún ṣe, Ìyá Lateefah. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Oore ni mo rò pé mò ń ṣe. Lọ́jọ́ àdúrà, gbogbo èèyàn ló yin pọ́ńdù náà, omi rẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n ń rí ẹja nísàlẹ̀. Inú mi dùn, mo fún àwọn ẹja lóúnjẹ ìlọ́po méjì.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè, tí wọ́n ń wá atẹ́gùn. Mo súnmọ́ ibẹ̀, òórùn bíi ti ilé ìtọ̀ sọ lù mí nímú. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ha gbogbo wọn dànù. Mo sáré pọn omi, mo ń dà á sí i, mo ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ àwọn ẹja náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo igba ẹja ti yíkùn sókè, ọ̀kan ò ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo sunkún bí àbúrò. Lọ́jọ́ yìí, bí ọ̀daràn ni mo ṣe sunkún.

Mi ò lè gbé wọn lọ sí ààtàn. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sáàárín ebè tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, mo sin wọ́n síbẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Munawwarah lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Nígbà tó jáde opó, tẹ̀tẹ̀ ti ga dé ìbàdí, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó já a, ó sè é, ó gbé àwo kan síwájú mi.

"Bàbá Lateefah máa ń sọ ọ́ pé ọjọ́ kan lẹ máa jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbìn ín, tí mo ń yọ ṣùtì sí i. Mo jẹ ẹ́ tán, mo gbé àwo náà sílẹ̀ láìfọ̀, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.