Ilẹ̀kùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kàn

Bàbá Èékánná, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó ń tún aago ṣe, ta gìtá fún gbogbo ayé gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó dá a sí kó lè máa fi ta okùn gìtá, ó sì ń gé tòsì kanlẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa ní ọ̀tún rẹ̀ ń lọ sóde ijó, òsì ń lọ sóko. Ẹ̀rín ló fi ń dá wọn lóhùn.

Orin àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ètò náà, àwọn tí wọ́n ti kọ ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tuntun kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, kọ. Òun ni orin àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa gbé síta. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba bàbá lẹ́rù: kí àwọn èèyàn má lọ dìde kúrò nídìí orin ọmọ òun. Ló bá fi í sáàárín orin àtijọ́ méjì, bí ẹni fi oyin bo oògùn fún ọmọdé.

Nínú orin yìí, bàbá ní láti máa fi ìka gbá pákó gìtá: kó, kó, kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, jókòó nídìí ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Kò séèyàn. Ó padà jókòó. Kó, kó, kó. Ó tún dìde, ó ń kùn pé àwọn ọmọ àdúgbò yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà dorí kodò.

Bàbá dáwọ́ dúró. Ì bá fo ìyókù, kó bọ́ sórí orin àtijọ́ tó kàn, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Èmi ni mò ń kàn án.”

“Ìwọ? Ìwọ tó o wà nínú ilé?”

“Ọmọ yín ló ní kí n kàn án.”

“Ẹ ò bá ti sọ fúnni. Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látòkè. Ilẹ̀kùn ni mò ń ṣí, n ò gbọ́ orin kankan.”

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo etí ló ṣí sílẹ̀, wọ́n ń dúró de ìkànkùn bí ẹni ń retí àlejò. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Nígbà tó kan èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ta nìyẹn?” ló wí.

Àtẹ́wọ́ bo ilé.

Tíṣà ti kọ ìbéèrè náà sínú orin báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ní kí wọ́n wá ta á lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni yóò máa béèrè rẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá ṣe ìdánrawò lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga tó nírọ̀rí sílẹ̀ de òun.